Ìparí Tí Màámi Fẹ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ọ̀yọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sórí ayélujára. Irú ìtàn tí mò ń kọ kì í ṣe èyí tí èrò ń wọ́ tọ̀. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí orogún tó fi májèlé sọ́bẹ̀, kò sí tálákà tó di olówó òjijì. Ìtàn ọjọ́ iwájú ni. Àwọn Yorùbá kan wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n lọ tẹ ìlú dó sórí ìràwọ̀ kan tó jìnnà, wọ́n gbin iṣu síbẹ̀, wọ́n sì ń bára wọn ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ bí àwa náà ṣe ń ṣe é níhìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ríná lò ní Ọ̀yọ́ ná, kí ẹ tó kó wa lọ sórí ìràwọ̀."

Ṣùgbọ́n mo rí àwọn tó fẹ́ ẹ. Gúrúùpù kan wà lórí ayélujára tí wọ́n ti ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì, ibẹ̀ ni mo ń gbé e sí ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. A ò pọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà, inú bọ́ọ̀sì ló ti máa ń kà á tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Ìsẹ́yìn. Obìnrin kan tún wà tó ń ta páànù ìkọ́lé n'Íbàdàn. Kì í kọ nǹkan kan, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, ariwo ọjà á sì máa dún lẹ́yìn ẹ̀. Bí mo bá ti gbé apá kan síta, ìjà dé. Ọlọ́pàá yẹn bá mi fà á títí pé iṣu ò lè ta dáadáa níbi tí kò bá sí ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní ṣé mo tiẹ̀ ti dé oko rí. Mo lọ bi àwọn àgbẹ̀, mo padà wá tún un kọ. Ṣáájú ìgbà náà, kò sí ẹni tó bá mi jà lórí ohun tí mo kọ rí láyé mi. Ìjà yẹn dùn mọ́ mi ju ìyìn lọ.

Ìyá kan wà láàárín ìtàn náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wọ ọkọ̀ padà sáyé láti wá iṣẹ́, ìyá sì ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ jìnnà débi pé ọ̀rọ̀ tí ìyá bá sọ lónìí, ọdún á gorí ọdún kó tó dé etí ọmọ. Ìyá ò torí ìyẹn dákẹ́. Ó ń sọ ohun tó sè, ó ń sọ ẹni tó bímọ ládùúgbò, ó ń béèrè bóyá ọmọ òun ti jẹun.

Mo mọ ibi tí ìyá yẹn ti wá. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí wọ́n bí tẹ̀ lé mi, gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ó pè wá láti ọ̀hún, ó ní òun ti ríbi sùn, ó ní òun á tún pè. A ò gbúròó ẹ̀ mọ́ látìgbà náà. Màámi, tí wọ́n ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó sọnù. Wọ́n á ní, "Ó wà lọ́nà jíjìn." Fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn ti yí padà léraléra, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, torí nọ́ńbà yẹn ni ọmọ náà mọ̀.

Mo sọ fún wọn nígbà kan pé mò ń kọ ìtàn.

"Ìtàn ta ni?"

"Ìtàn àwọn tó ń gbé lórí ìràwọ̀, Màámi."

"Irọ́ nìyẹn nù un. Lọ máàkì ìwé àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Mi ò tún dárúkọ ẹ̀ fún wọn mọ́.

Àbúrò bàbá mi ló gbé ọ̀rọ̀ ìwé títẹ̀ sí mi lọ́kàn. Àfáà ni wọ́n ní Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Mo lọ kí wọn lẹ́yìn ààwẹ̀, mo fi ohun tí mò ń kọ hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n ka díẹ̀, wọ́n mi orí.

"Máṣá Allah. Ó dáa. Ìwé ọ̀hún dà?"

"Èyí náà ni, Bàbá."

"Rárá o. Ohun tó ń kú bí bátìrì bá ti kú, a kì í pe ìyẹn ní ìwé. Ìwé ni èyí tí ọmọ ọmọ ẹ á ṣí àpótí, tí á bá níbẹ̀. Ìwọ tí o lóye báyìí, orí atẹ́gùn lò ń kọ̀wé sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ohun mìíràn sì tún wà tó ti ń jẹ mí nínú. Tíṣà kan nílé-ẹ̀kọ́ wa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde, òwe ló kó jọ sínú ẹ̀, òwe tí gbogbo wa mọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá wa ti ń pè é ní "òǹkọ̀wé wa" níwájú àwọn ọmọ. Èmi tí àwọn èèyàn ń dúró dè láti Kánádà dé Ìsẹ́yìn, "tíṣà tó máa ń tẹ fóònù" ni wọ́n mọ̀ mí sí. Mo pinnu pé èmi náà á tẹ ìwé.

Ó wá ku apá tó gbẹ̀yìn ìtàn náà. Mo rò ó pé bí mo bá gbé e síta lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún ra ìwé? Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé inú ìwé ni ìparí máa wà, kí wọ́n ní sùúrù. Mo sì yọ èyí tó pọ̀ nínú àwọn apá tó ti wà níbẹ̀ kúrò. Ọlọ́pàá yẹn kọ̀wé sí mi pé, "Tíṣà, ẹ gbé wa dé àárín odò, ẹ wá gba àjẹ̀ lọ́wọ́ wa." Obìnrin onípáànù fi ohùn ránṣẹ́, ó ní òun ò bínú, òun á ra ìwé, ṣùgbọ́n kí n jọ̀ọ́, kí n sọ fún òun nìkan ṣoṣo bóyá ọmọ náà padà dé. Mi ò sọ fún un.

Tíṣà olówe yẹn ló júwe ilé ìtẹ̀wé kan fún mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Under G, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí. Inú mi dùn pé mo lè máa yà kí Màámi bí mo bá lọ. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ ṣe mí dáadáa. Ó gbé àga fún mi síwájú kọ̀ǹpútà, a jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo àmì ló pé. Mo rí orúkọ mi lójú ìwé àkọ́kọ́, ojú sì tì mí bíi pé ẹlòmíràn ń wò mí. Owó àjọ tí mo fẹ́ fi gbẹ́ kànga sẹ́yìn ilé ni mo kó fún un.

Ọjọ́ tí mo lọ kó ìwé náà, mo ṣí páálí kan níbẹ̀ lójú ẹ̀. Èèpo ìwé dán. Mo ṣí inú ẹ̀. Ibi gbogbo tí ẹ àti ọ àti ṣ yẹ kó wà, àpótí kékeré òfìfo ló wà níbẹ̀. Àmì ohùn náà sì ti lọ. Ojú ìwé dà bí ewé ẹ̀fọ́ tí tata ti jẹ. Mo ṣí òmíràn, bákan náà. Mo ṣí páálí mìíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Ọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó fi ìka pa á bíi pé àwọn àpótí náà á ṣí kúrò.

"Ẹ̀rọ ni, ma. Nígbà tá a gbé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ rí yẹn sórí ìkejì, ó ti gbé lẹ́tà kan jù nù."

"Ẹ ò sì wò ó kí ẹ tó tẹ gbogbo ẹ̀?"

"Ma, púrójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ la sábà máa ń tẹ̀ níbí. Gẹ̀ẹ́sì ni. A ò tẹ Yorùbá rí."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Ẹ má bínú, ma. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, á mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀."

Mo ní kó tún un tẹ̀. Ó ní tákàdá tí òun rà ti tán, ó ní kí n wá owó tákàdá nìkan wá, òun ò ní gba owó iṣẹ́. Kò sí owó kankan lọ́wọ́ mi mọ́. Ó bá mi kó páálí náà sínú ọkọ̀, ó ń bẹ̀ mí bó ṣe ń kó o. Mi ò lè jà. Bí èèyàn bá ń bẹ̀ mí, ẹnu mi kì í lè jà.

Mo yà sọ́dọ̀ Màámi, mo fún wọn ní ẹ̀dà kan. Wọ́n fi ọwọ́ pa orúkọ mi lẹ́yìn ìwé, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n gbàdúrà. Wọn ò ṣí i. Mo dúpẹ́ pé wọn ò ṣí i.

Ní Ọ̀yọ́, mo gbé díẹ̀ lọ bá Alhaja kan tó ń tàwé lọ́jà Akẹ̀sán.

"Ṣé ó wà lára èyí tí ìjọba ní kí àwọn ọmọ máa kà?"

"Rárá, Alhaja."

"Ṣé ìbéèrè àti ìdáhùn wà lẹ́yìn ẹ̀?"

"Ìtàn ni."

"Ìtàn." Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo aláìsàn. "Ó dáa, ẹ fi síbẹ̀ yẹn." Abẹ́ àwọn ìwé ìdánwò ni wọ́n tọ́ka sí. Nígbà tí mo padà lọ wò ó, wọ́n ti fi ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ tábìlì dúró. Wọn ò mọ̀ pé mo rí i, èmi náà ò sì sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbèríko Ìrẹ̀sà, ó ní kí n kó díẹ̀ wá. Mo gun ọ̀kadà wọ ibẹ̀, páálí wà lórí itan mi. Wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan dìde kà fún wa, wọ́n ní òun ló mọ̀wé jù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó kan àpótí, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún kan òmíràn. Mo rí i tó ń làágùn. Ó rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Mo dìde, mo gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní, "Jókòó, ọmọ mi, kì í ṣe ẹjọ́ ẹ." Ọ̀rẹ́ mi sọ fún wọn pé ìwé àwọn àgbà ni, pé ó ga jù wọ́n lọ. Àánú mi ló ṣe é tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé páálí mi padà sílé.

Àwọn ará gúrúùpù tó rà á náà kọ̀wé sí mi. Nọ́ọ̀sì yẹn ní àbúrò òun fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí òun láti Nàìjíríà, òun sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n orí ń fọ́ òun. Ó fi ìwà pẹ̀lẹ́ sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gúrúùpù náà di ibi tí wọ́n ti ń ki ara wọn kú ọjọ́ ìbí.

Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi ni mo lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ Màámi. Sùtánà ni wọ́n ń rán, aṣọ funfun tí àwọn ará ìjọ Aládùúrà ń wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn wà lójú títì, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó rinlẹ̀, bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, dùùrù sì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Màámi ti dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Àwọn ìyá ìjọ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fóònù wà láàárín wọn lórí aṣọ tí Màámi ti gé sílẹ̀. Mo fẹ́ kí wọn, Màámi gbé ìka sẹ́nu fún mi.

Ohùn náà ń sọ pé, "Ọmọ mi, mo gbé ẹ̀wà kaná lónìí, mo sì bu tìẹ sọ́tọ̀. Mo mọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ẹ̀wà náà á ti di ohun ìgbàgbé. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo bu tìẹ sọ́tọ̀ ni."

Èmi ni mo kọ ọ́. Mo rántí ibi tí mo wà nígbà tí mo kọ ọ́, ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ wa, tí mò ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò. Ọ̀rọ̀ mi ni gbogbo ẹ̀, wọn ò pààrọ̀ ẹyọ kan. Mo fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin náà ń kà á lọ títí ó fi dé ibi tí mo gbé e dé nínú gúrúùpù. Mo rò pé á dúró. Kò dúró. Ó ní ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ kan balẹ̀ sórí ìràwọ̀ náà. Ó ní ọkùnrin onírùngbọ̀n kan sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ síwájú ìyá, ìyá ò dá a mọ̀ títí ó fi wúkọ́, torí ikọ́ ẹ̀ ti kékeré ni. Ó ní ìyá bu ẹ̀wà fún un.

Àwọn ìyá ìjọ ń fi ìborí nu ojú. Ọ̀kan ní, "Olúwa á dá tiwa náà padà." Àwọn yòókù ṣe àmín. Màámi ò sunkún. Wọ́n kàn tẹjú mọ́ fóònù náà bíi pé ẹnì kan fẹ́ jáde láti inú ẹ̀. Mi ò rí irú ojú yẹn lára wọn rí láti ìgbà tí àbúrò mi ti lọ.

Nígbà tí àwọn ìyá náà lọ tán, mo jókòó.

"Màámi, ta ló kọ ìtàn yìí?"

"Ọkùnrin tó ń kà á náà ni. Ọlọ́run fún un lẹ́bùn."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Wọ́n wò mí. "Ìwọ bíi ti báwo?"

"Ìtàn orí ìràwọ̀ tí mo sọ fún yín nìyẹn. Òun náà ló wà nínú ìwé tí mo fún yín."

Wọ́n gbé ojú sókè. Ìwé náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ọ̀rá wé e, Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà wà lórí ẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní ìparí ẹ̀ kọ́ nìyẹn, ìparí tèmi yàtọ̀, mo ní kí n kà á fún wọn. Wọ́n ní kí n kà á.

Orí ni mo fi kà á, torí àwọn àpótí yẹn. Nínú tèmi, èsì dé lọ́jọ́ kan. Ìyá sáré lọ gbọ́ ọ. Ohùn náà kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀. Àlejò kan ni, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Mi ò mọ ọmọ yín. Mo kó wọ ilé kan ni, mo bá àwọn ọ̀rọ̀ yín níbẹ̀. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán. Ẹ ṣeun. Mo ti jẹun." Ibẹ̀ ni mo parí ẹ̀ sí. Ó pẹ́ kí n tó rí gbólóhùn yẹn kọ, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ.

Màámi bojú wo ìwé náà lọ́wọ́ mi.

"Ó parí?"

"Ó parí, Màámi."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"A ò mọ̀."

"Ìwọ tí o kọ ọ́, o ò mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, ma."

"Ọwọ́ ẹ ni bíírò wà. Ṣé wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ ẹ kí o tó jẹ́ kó wálé ni?"

Mo ní bí mo bá ní ó dé, irọ́ ni mo pa.

"Irọ́," wọ́n ní. "Èèyàn tó ń gbin iṣu sórí ìràwọ̀ ńkọ́? Òótọ́ nìyẹn?"

Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá ẹ̀, wọ́n wé e dáadáa.

"Inú mi dùn pé ìwọ lo kọ ọ́," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́." Wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ lọ.

Nọ́ńbà wà lábẹ́ fídíò tí wọ́n ti ń gbọ́ ìtàn náà fún àwọn tó bá fẹ́ polówó ọjà. Mo pè é, mo ní mo fẹ́ polówó. Ó júwe ilé fún mi. Under G náà ni, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ilé ìtẹ̀wé tó ba ìwé mi jẹ́. Mo retí pé màá bá òpùrọ́ kan tó ń ṣe fàájì. Yàrá kan ṣoṣo ló ń gbé, ó ti gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri kí ariwo ìta má bàa wọlé, inú ẹ̀ sì gbóná bí ààrò. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti jáde yunifásítì ni, tí kò ríṣẹ́. Nígbà tí mo sọ ẹni tí mo jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ yàrá náà.

"Ẹ má bínú, ma. Wọ́n fi ìtàn yẹn ránṣẹ́ láti gúrúùpù dé gúrúùpù ni, kò sórúkọ kankan lórí ẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ṣé o wá ẹni tó ni ín?"

Ó ní, "Mi ò wá a, ma."

"Ìparí yẹn ńkọ́? Ta ló ní kí o kọ ọ́?"

"Kò sí ìparí lára ẹ̀, ma. Ó kàn dúró lójijì. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ń bú mi, wọ́n ń bẹ̀ mí, ìyá kan tiẹ̀ pè mí tó ń sunkún pé kí n sọ fún òun bóyá ọmọ náà dé. Mo wá a títí, mi ò rí i. Mo bá ní kó dé." Ó gbé ojú sókè wò mí. "Ṣé kò dé ni, ma?"

Mo jókòó sórí àga ẹ̀. Inú ló bí mi wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú náà ò rí ibi bà sí. Èmi ni mo gbé ìparí pamọ́ nítorí ìwé. Ìwé tó ní orúkọ mi lára, kò sẹ́ni tó lè kà á. Èyí tí ayé gbọ́, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn.

Ó ní òun á kọ orúkọ mi sábẹ́ ẹ̀. Ó tún ní bí mo bá ní òmíràn, ká jọ máa ṣe é, pé ta ló tún ń ra ìwé Yorùbá, etí ni àwọn èèyàn ń lò báyìí. Kò fi rí mi fín. Òótọ́ ọkàn ẹ̀ ló ń sọ. Ìyẹn ló tún jẹ́ kó dùn mí jù. Mo ní kó yọ ọ́ kúrò. Ó yọ ọ́ lójú mi. Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́.

Mo gbé ìparí tèmi sínú gúrúùpù nígbà tí mo délé. Ìwọ̀nba àwọn tó ṣẹ́kù kà á. Ọlọ́pàá yẹn kọ ọ́ pé, "A kú iṣẹ́." Obìnrin onípáànù, tí mo torí ẹ̀ gan-an gbé e síta, fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ti gbọ́ ìyókù ẹ̀ níbòmíràn, pé ọmọ náà dé. Ó ní òun ò mọ ìdí tí mo fi tún lọ mú un kúrò nílé.

Màámi pè mí láàárín ọ̀sẹ̀.

"A ò rí ìtàn wa mọ́. A wá a títí."

Mo ní kí wọ́n má bínú.

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n yọ ọ́?"

"Èmi ni, ma. Tèmi ni."

"Tìẹ ni lóòótọ́," wọ́n ní. Wọ́n pa fóònù. Bí mo bá ti pè lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ló ń gbé e, á ní Màámi wà lẹ́nu iṣẹ́, á ní wọ́n kí mi. Màámi tí wọn kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbé e, torí wọn ò mọ ẹni tó lè jẹ́.

Mo fara dà á títí mi ò lè fara dà á mọ́. Mo pe ọ̀dọ́kùnrin náà.

"Ìtàn yẹn, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ?"

"Ó wà, ma. Mi ò pa á rẹ́."

"Gbé e padà."

"Pẹ̀lú ìparí yín, ma? Mo lè kà á tuntun. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi."

"Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kí o gbé e."

Ó béèrè bí òun ṣe máa kọ orúkọ mi. Mo ní kó má wulẹ̀ kọ ọ́. Ìtàn tó parí báyẹn kì í ṣe tèmi, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé tèmi ni.

Àkókò ìsinmi ráńpẹ́ àwọn ọmọ nílé-ẹ̀kọ́ ni Màámi pè mí, ariwo pọ̀ níta. Ohùn wọn ti já geere padà.

"Wọ́n ti dá a padà o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n kí ọ."

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́?"

"Mo sọ fún wọn. Ìyá kan ò gbà. Ó ní obìnrin bíi tìẹ, tí kò ní ọmọ lọ́nà jíjìn, ò lè ronú irú nǹkan báyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tíṣà, kọ òmíràn. Wàá gbọ́? Ṣùgbọ́n bí o bá ti fẹ́ẹ́ parí ẹ̀, gbé e fún ọkùnrin yẹn, kó bá ẹ parí ẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Aago lù fún kíláàsì mi. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo lọ kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn. Mi ò tíì kọ òmíràn.